Bí a ṣe ń túmọ̀ "bound" sí Yorùbá

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mo ń ṣe níbí ní Òṣogbo. Oko bàbá mi ni mo ti ń ká fídíò tòní, ẹ máa rí ìdí rẹ̀. Ẹ mú bíírò, kí ẹ kọ "bound" sílẹ̀.

Ẹ má tíì kọ "ààlà" síwájú rẹ̀ o! Wọ́n gbé ìkéde kan fún mi nígbà kan, "Osogbo-bound bus", mo sì kọ ọ́ pé bọ́ọ̀sì náà kò gbọdọ̀ kọjá ààlà Òṣogbo. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde kí n tó rí àṣìṣe mi. Ó dùn mí títí dòní.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ orúkọ ìlú, ìrìn àjò ni. Èdè àwọn ará Norway àtijọ́ ni wọ́n ti mú un, "búinn", ẹni tó ti múra tán. Ní gáréèjì wa, "Ẹdẹ! Ẹdẹ!" ni wọ́n ń ké, ó sì tó. "Ọkọ̀ Ẹdẹ" ni kí ẹ kọ.

Tó bá jẹ́ okùn ló tẹ̀ lé e, ọmọ "bind" ni: a dè é, a so ó. Ìwé ńkọ́? A dì í. "Bound to rain": òjò á rọ̀ dandan.

Tí ẹranko bá ń ṣe é, ó fò ni. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé lèyí ti wá, ìró tó ń dún ló kọ́kọ́ túmọ̀ sí.

Ó wá ku ti ilẹ̀. Ẹ wo pèrègún mẹ́ta tó wà lẹ́yìn mi yìí. Bàbá mi ló gé ẹ̀ka wọn, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n sì hù. Oko wa parí síbí, ti aládùúgbò wa bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ààlà gan-an nìyí. Síbẹ̀, tí ẹ bá rí "out of bounds" lára ògiri, "Ẹ má wọ ibí" ni Yorùbá rẹ̀.

Orúkọ kan náà, ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Àmì ohùn la fi ń ya okùn, òkun àti okun sọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní in, ẹ̀yin lẹ máa fojú yà á.

Ẹ dán èyí wò: "The goat, bound with rope, bounded off the Ede-bound bus." Ẹ dá fídíò dúró ná.

Ẹ ti ṣe tán? Tèmi rèé: Ewúrẹ́ tí wọ́n fi okùn so lọ́rùn fò bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ Ẹdẹ.