Eku Tó Ti Sùn Kò Lè Jẹ́rìí fún Ewé

Ẹ kú ìjókòó o. Alága ti ń wo aago kí n tó la ẹnu, nítorí náà, ibi tó ń dùn mí jù nínú bí a ṣe ń fi eku dán ewé wò, bóyá ó ń pa ìrora àti wíwú, ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú eku funfun kékeré kan. Ẹ gún un lábẹ́rẹ́ ásíìdì inú ọtí kíkan, 0.6%, sínú ikùn. Láìpẹ́, ikùn á fà wọnú, ara á gùn gbọọrọ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì á nà. Akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó tì í fún 20 ìṣẹ́jú, á máa ka iye ìgbà tó lọ́ ara. Bí eku tó mu omi lásán bá lọ́ ara nígbà 50, tí èyí tó mu ewé lọ́ ara nígbà 15, olùwádìí á ní ewé òun pa ìrora kù ní 70%. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nìyẹn!

Ta ló wá bi eku náà léèrè? Eku tó ti sùn kì í lọ́ ara. Èyí tí iṣan rẹ̀ ti dẹ̀, kò ní lọ́ ara. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo pé kí ẹ gbé e sórí ọ̀pá tó ń yí, kí ẹ wò ó bóyá ó lè dúró. Bó bá ń já bọ́, ó lè má jẹ́ ìrora ni ewé yín ń pa, eku gan-an ló ń pa bí ọtí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní aláìgbàgbọ́ ni mí. Mo gbà. Ẹ ṣáà lọ ra ọ̀pá.

Ó ku wíwú. Láti 1962 tí olùwádìí Winter àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé e jáde, carrageenan tí a ń rí lára koríko òkun la ń gún sí àtẹ́lẹsẹ̀ eku kí ó lè wú. Histamine, èròjà kan tí ara fúnra rẹ̀ ń tú jáde, ló ń ṣáájú wíwú náà. Prostaglandin, èròjà ara mìíràn tí olùwádìí Vane fi hàn ní 1971 pé aspirin ń dí lọ́nà, ẹ̀yìn ló ń dé, bíi wákàtí kẹta. Ewé tó ṣiṣẹ́ ní wákàtí kìíní nìkan, ẹ má pè é ní àbúrò aspirin.

Ibẹ̀ ni arábìnrin kan ti nawọ́ lẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, omi lásán tí àwọn eku yẹn mu, ṣé òun náà lẹ fi po ewé?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó mú mi. Ẹ jẹ́ kí n pa ìwé mi dé ná. Ọ̀pọ̀ wa, ọtí líle la fi ń yọ oje ewé. Tó bá gbẹ tán, a fi DMSO, kẹ́míkà olómi kan tó ń yọ́ nǹkan, pò ó. Ọtí ń múni sùn. DMSO fúnra rẹ̀ máa ń dín wíwú kù. Bí eku kan bá mu ewé pẹ̀lú DMSO, tí ìkejì mu omi, kí la fi wéra? Ohun tí a fi po ewé gan-an ló yẹ kí ìkejì mu, ní ìwọ̀n kan náà. Ìwé àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi kọ, omi ni mo fún wọn.

Alága ti dìde. Kíá: ìrora tí formalin, kẹ́míkà tí a ń gún sí ẹsẹ̀ eku, ń fà ní ìpele méjì, 0 sí 5 ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà 15 sí 30. Morphine, oògùn ìrora tó lágbára, ń pa méjèèjì kù, irú aspirin sì ń mú ìkejì jù. Ẹ yẹ májèlé wò kí ẹ tó yẹ oògùn wò. Ẹ lo ìwọ̀n mẹ́ta, ó kéré tán.

Arábìnrin yẹn tún nawọ́. "Ìwé àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́, sà?"

Ó ṣì wà níta. Àwọn ènìyàn ṣì ń tọ́ka sí i.