Adágún Omi Tí Ẹ̀yìnkùlé Wa Lè Gbà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀rọ lónìí. Ọmọ ti sùn, bàbá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ adágún omi tí mo fẹ́ ṣe sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Thamesmead, ní London níbí, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹni tó bá mọ Thamesmead á mọ̀ pé orí àbàtà ni wọ́n kọ́ ọ sí. Omi yí wa ká: adágún ńlá Southmere nìyẹn, àwọn ipa odò tí wọ́n gbẹ́ sì gba àárín àdúgbò kọjá. Tí oòrùn bá mú, lámilámi á máa fò lójú omi, ọmọ mi á dúró, á ní òun ò lọ mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lọ́kàn.

Èyí tí mo kọ́kọ́ yà sínú ìwé gùn ní mítà 3, ó fẹ̀ ní mítà 2, ó sì jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Rọ́bà tí a máa tẹ́ sínú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ mú gígùn rẹ̀, ẹ fi jíjìn rẹ̀ kún un lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 30 sílẹ̀ létí kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe bákan náà fún fífẹ̀ rẹ̀. Ó di mítà 4.8 sí 3.8. Ìyẹn kò le. Erùpẹ̀ ló le! Bí ẹ̀gbẹ́ ihò náà bá dúró ṣánṣán, erùpẹ̀ tó máa jáde á tó kúbíìkì mítà 3.6, erùpẹ̀ tí a bá sì gbẹ́ máa ń wú sí i. Ilé tiwa so mọ́ ti aládùúgbò lápá méjèèjì, kò sí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Inú pálọ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa gbà jáde, lórí kápẹ́ẹ̀tì, garawa kan tẹ̀ lé òmíràn. Ta ló máa gbé e? Èmi àti ọkọ mi, tó jẹ́ pé bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ wọlé ni mo ń jáde.

Ilẹ̀ náà tún ní tirẹ̀. Níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ti sún mọ́ òkè, ó lè ti rọ́bà náà sókè láti ìsàlẹ̀ nígbà òtútù.

Ọmọ ló wá kù. Ọdún 3 ni. Omi tí kò mu àgbàlagbà dé ọrùn ẹsẹ̀ lè pa ọmọdé, kò sì ní pariwo. Lórí èyí, n kò bá ẹnikẹ́ni ṣe dúnàá-dúrà. Àwọn kan ní kí n dúró dìgbà tó bá dàgbà. Mo rò ó, mo ní rárá. Òun gan-an ni mo fẹ́ kó rí lámilámi.

Nítorí náà, ààbọ̀ àgbá onígi la máa lò, lórí ilẹ̀, láìgbẹ́ ihò kankan. Ó lè gba omi lítà 100 tàbí kó lé díẹ̀. Àwọ̀n irin á bo orí rẹ̀, kò ní kan omi, a ó fi ìdè dè é mọ́ igi àgbá náà, kó lè gbé ọmọ dúró bó bá gùn ún. Màá to òkúta sínú àti síta, kí àkèré rí ọ̀nà wọlé, kó sì rí ọ̀nà jáde.

Ọkọ mi fẹ́ ẹja. Ẹja ń fẹ́ ẹ̀rọ tó ń fọ omi, ẹ̀rọ ń fẹ́ iná, a sì máa ń lọ sí Ìbàdàn ní Oṣù Kejìlá. Ẹja tún máa ń jẹ ọmọ àkèré. Kò ní sí ẹja.

Màmá mi gbọ́ lórí fóònù, wọ́n ní, "Omi tó dúró sójú kan? Ṣé ẹ̀fọn lo fẹ́ máa sìn ni?" Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Nígbà tiwọn, wolé-wolé á ṣí ìkòkò omi wò, tó bá rí tanwíjí níbẹ̀, ó dẹjọ́. Ẹ̀fọn wà níbí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í gbé ibà kiri bíi ti ilé. Ọmọ lámilámi tó ń gbé inú omi sì máa ń jẹ tanwíjí. Kí ọmọ lámilámi tó dé, màá máa fi asẹ́ gbọ́n tanwíjí dànù.

Ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò: gbogbo wa la mọ̀ ọ́n bí àdúrà. Ojúoró kò lè fara da yìnyín ìlú yìí, òtútù á pa á. Òṣíbàtà lè fara dà á, irú kékeré kan sì wà tó bá àgbá mu. Kò fẹ́ omi tí ẹ̀rọ ń dà rú, ó sì ń fẹ́ oòrùn tó nǹkan bíi wákàtí 6 lójúmọ́. Èyí tí n kò ní gbà sílé ni ewéko omi kan tí wọ́n ń pè ní floating pennywort, tí wọ́n ti fòfin de títà rẹ̀ níbí láti ọdún 2014. Ó lè fi sẹ̀ǹtímítà 20 gùn sí i lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti rí bí ewé hyacinth ṣe bo ọ̀sà l'Ékòó, tí ọkọ̀ apẹja kò ríbi kọjá, kò ní fẹ́ kí irú rẹ̀ ti ẹ̀yìnkùlé òun bọ́ sódò ẹlòmíràn.

Omi òjò la máa lò. Omi ẹ̀rọ ní èròjà tó ń bọ́ ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń bo ojú omi. Mo ti gbé dúróòmù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀.

Ibi tí a máa gbé àgbá sí ni mi ò tíì mọ̀, bó bá sì ti kún, kò ṣeé gbé kúrò níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà ló ní oòrùn jù. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kò ní tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ojú mi ti lè tó ọmọ. Ní báyìí, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló ń borí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti gbin òṣíbàtà síbi tí oòrùn kò pọ̀, tó sì yọ òdòdó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi.