Oko Tó Ń Rìn Yí Òkè Ká: Ìrántí Oko Ìdílé ní Ṣábẹ

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ Ṣábẹ, ìlú wa ní orílẹ̀-èdè Benin, tó ń gbé Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, sọ nìyí. Àwọn tí ò ráyè wá ló ní kí n tẹ̀ ẹ́ síbí. Mo fi sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu mi, àwàdà tó pọ̀ jù nìkan ni mo yọ.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ wọlé jàre, àga ṣì wà níwájú.

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí oko àwọn bàbá wa, mo kọ́kọ́ bi díẹ̀ nínú yín pé kí lẹ rántí. Òkè ni gbogbo yín ń sọ. Òkè báyìí, àpáta báyìí, bí oòrùn ṣe ń wọ̀ sẹ́yìn ẹ̀. Fótò tó wà lórí tẹlifóònù yín náà, òkè ni. Mi ò bá yín jà, òkè Ṣábẹ dáa lóòótọ́, ẹni tó bá gbéra ní Kútọnu, ìrìn bíi kìlómítà 250 ni, ilẹ̀ á tẹ́jú lọ bẹẹrẹ, ìgbà tó bá kan Ìdáàṣà ni àpáta á bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí, tó bá fi máa dé Ṣábẹ wọ́n ti di gàgàrà, wọ́n dúdú, wọ́n dán, wọ́n dúró ti ìlú gbọnin. Ṣùgbọ́n òkè kọ́ la jẹ dàgbà, iṣu la jẹ. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ò ju ẹyọ kan lọ: oko tẹ́ ẹ ń rántí yẹn ò dúró lójú kan rí. Òkè ló dúró. Oko ń rìn yí i ká ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Iṣu ò fẹ́ràn ilẹ̀ tó ti rẹ̀. Bàbá àgbà mi kì í gbin iṣu sójú ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ilẹ̀ tó ti sinmi dáadáa, tí igi ti hù padà lórí ẹ̀, ni wọ́n máa ń ṣán fún iṣu. Ọdún kejì, àgbàdo tàbí ọkà bàbà ló bọ́ síbẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀pà, ẹ̀gẹ́ ló máa ń gbẹ̀yìn torí ẹ̀gẹ́ ò kọ ìyà. Bí wọ́n bá ti wa ẹ̀gẹ́ tán, ó parí, wọ́n á pa ilẹ̀ yẹn tì, ó lè tó ọdún mẹ́wàá, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni tó tún fi ọkọ́ kàn án. Oko ti sún síwájú nìyẹn. Ọdún mélòó kan sí i, ó tún sún. Torí náà, tí èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi bá jókòó tí à ń rántí oko, ìjà ló máa ń dà. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà á ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí oòrùn ti ń yọ ni oko wà, ibi tí èèyàn ti ń ríran wo ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀nà odò Ọ̀pàrá. Èmi á ní irọ́ ni, ẹ̀yìn òkè ni, níbi igi òsè ńlá. Àbúrò wa obìnrin ò mọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Gbogbo wa la sì sọ òótọ́, kálukú ló ń rántí ọdún tiẹ̀.

Iṣẹ́ iṣu yẹn fúnra ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò bá a níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín díẹ̀. Ìgbà tí òjò bá ń palẹ̀ mọ́, bí oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, tí ilẹ̀ ò tíì le, ni wọ́n máa ń kọ ebè. Àáró ni, òní tèmi, ọ̀la tìẹ, àwọn ọ̀dọ́kùnrin á tò sórí ìlà, ẹni tó bá gbẹ́yìn máa gbọ́ yẹ̀yẹ́. Èbù á wọlẹ̀, wọ́n á fi koríko gbígbẹ dé orí ebè kí oòrùn ìgbà ọyẹ́ má bàa sè é mọ́nú. Ó dìgbà tí òjò bá tún dé kí ìtàkùn tó máa gun igi. Tó bá wá di bí oṣù keje, oṣù kẹjọ, iṣu tuntun ti dé nìyẹn, Làbókò ni ọ̀gá nínú wọn, kò sí àríyànjiyàn, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kó dúró dìgbà tá a bá jẹun tán.

Wọn kì í wa Làbókò bẹ́ẹ̀ jàgìdìjàgan o. Bàbá àgbà kì í fi àdá débẹ̀. Igi gbígbẹ kan ló ń lò, wọ́n ti gbẹ́ ẹnu ẹ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n á fi la ẹ̀gbẹ́ ebè, ọwọ́ òsì wọn á wọnú yẹ̀pẹ̀ lọ, á máa wá ibi tí iṣu ti so mọ́ orí ẹ̀, ojú wọn ò sí níbẹ̀ rárá, àwa ni wọ́n ń wò, wọ́n ń bá wa sọ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa gbọ́ tó dún pó. Iṣu ti já, ìtàkùn ò mọ̀ pé nǹkan ṣe òun. Wọ́n á da yẹ̀pẹ̀ padà, wọ́n á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ìtàkùn yẹn á tún ta ọmọ wẹ́wẹ́ sábẹ́, ìparí ọdún la tó ń wa ìyẹn, òun ni èbù fún ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí mo wá dé ilé ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, tí ọ̀gá ń ya èyí sójú pátákó fún wa gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́, inú mi dùn, mo tún fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ó yá, kí ni iṣẹ́ òkè nínú gbogbo èyí? Òkè yẹn, òkúta gíráníìtì àti àwọn ìbátan ẹ̀ ni, inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti dì, ó ti lé ní mílíọ̀nù 500 ọdún, ilẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀ ni òjò ń gbá lọ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi yọ síta. Bí ẹrù tó wà lórí ẹ̀ ṣe ń fúyẹ́, ara ẹ̀ ń tú, ó ń bó ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà. Ìdí nìyẹn tó fi rí rọ́bọ́tọ́ lókè, tí àwọn pẹlẹbẹ ńláńlá sì wà káàkiri ìdí ẹ̀. Omi òjò ò lè wọ inú ẹ̀, ìṣàn ló ń ṣàn wálẹ̀, ìdí òkè ló ń gbà á, torí náà nígbà tí gbogbo ilẹ̀ bá ti gbẹ táútáú, ibẹ̀ ṣì máa ń tutù, ibẹ̀ ni ilá àti ata àwọn ìyá wa máa ń wà. Oko iṣu ń rìn, oko ata ò kúrò níbẹ̀.

Orí àpáta náà ni ìyá àgbà ń sá gbodo sí. Ìgbà ọyẹ́ ni, iṣu tí kò ní lè pẹ́ nínú àká ni wọ́n á bẹ, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, kì í ṣe kó jinná o, wọ́n á fi sínú omi náà mọ́jú, ilẹ̀ mọ́, ó di orí àpáta. Ẹ ò lè rí ibi ìsáǹkan tó dára tó bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbẹ ẹ́ lókè, òkúta ń gbẹ ẹ́ nísàlẹ̀, tí oòrùn bá wọ̀ pàápàá, àpáta ṣì ń gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ yín títí di alẹ́. Iṣẹ́ àwa ọmọdé ni láti lé ewúrẹ́ àti láti máa yí i padà, a sì ń jí jẹ nínú ẹ̀ (ó le bí eegun, ṣùgbọ́n a máa ń jí i jẹ náà ni). Nígbà tí wọ́n bá gún un, tí wọ́n kù ú, òun ni èlùbọ́ tẹ́ ẹ ń fi ro àmàlà ní Àjàṣẹ́ níbí. Láti orí àpáta yẹn lèèyàn ti ń rí gbogbo oko pátá, àwọn tí à ń lò lọ́wọ́, àwọn tí a ti pa tì, èyí tó pẹ́ jù lọ ni igbó ẹ̀ dúdú jù, èèyàn lè ka ọjọ́ orí ilẹ̀ látorí àwọ̀ ewé. Igi èmí àti igi igbá dúró láàárín gbogbo ẹ̀, wọn kì í gé wọn, torí òrí àti irú àwọn obìnrin ilé ló wà níbẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ya ní fótò, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

Mi ò ní pẹ́ lórí ìtàn ogun, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Láyé tí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ń kó èèyàn, orí òkè yìí làwọn èèyàn wa ń sá sí. Kétu tí ilẹ̀ tiwọn tẹ́jú, wọ́n gbẹ́ yàrà, wọ́n mọ odi, wọ́n ní Àkàbà Ìdèná, ẹnubodè ìlú wọn, síbẹ̀ Dàhọ̀mì fọ́ ìlú náà lọ́dún 1886. Tiwa, Olúwa ló mọ odi fún wa.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí kajú, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Kajú ti wà tipẹ́, ìjọba ti gbin oko ńlá ńlá ẹ̀ láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n láti bí ọdún 1990 síwájú ló wá di tolórí tẹlẹ́mù. Bó ṣe wọlé gan-an ló gbà yín láyè láti má fura. Wọn ò gé oko iṣu láti gbin kajú, àárín ebè ni wọ́n ń rì í sí. Ọdún kìíní, iṣu àti kajú. Ọdún kejì, àgbàdo àti kajú. Ọdún kẹta, ẹ̀pà àti kajú, gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó bá wá tó àsìkò kí wọ́n pa ilẹ̀ tì kó sinmi, kajú ti nawọ́, ewé ti pàdé ewé, òjìji ti bo ilẹ̀, kò sí ohun tó ń hù lábẹ́ ẹ̀ mọ́, àti pé igi yẹn máa wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oko dúró. Ọdún kejì ẹ̀, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ síbòmíràn, ìyẹn náà dúró. Oko tó ń rìn yí òkè ká láti ayé àwọn babańlá wa, ìran kan ṣoṣo ló dá a dúró, kò sì sí ẹni tó ṣèpàdé lé e lórí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ẹni tó bá ń bú kajú níwájú mi, màá bi í pé ta ló san owó ilé ìwé ẹ̀. Láti oṣù kejì sí oṣù karùn-ún tí èso ń já bọ́, ìgbà yẹn lowó ń wọ abúlé, ìgbà yẹn ni wọ́n ń ra páànù, tí wọ́n ń ra mótò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ìjọba tún fòfin de kíkó kajú tútù jáde kúrò nílùú, wọ́n ní ká máa ṣe é níbí, ní àwọn ilé iṣẹ́ bí èyí tó wà ní Glo-Djigbé, ìyẹn lè dáa, ẹ jẹ́ ká máa wò ó. Èso pupa tó wà lórí kóró ẹ̀ ni tiẹ̀ ń ṣòfò, èyí tó pọ̀ jù ló ń jẹrà sílẹ̀, kódà àwọn kan ṣì gbà pé ẹni tó bá fi mu wàrà máa kú, irọ́ gbuu.

Ohun tó ń dùn mí ni iṣu. Ilẹ̀ tó sinmi ti tán nítòsí, ẹni tó fẹ́ Làbókò gidi á gbé mótò lọ sọ́nà jíjìn. Ọ̀rọ̀ kejì, igi ti di ẹ̀rí. Tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ ẹbí ni, ẹni tó bá lágbára ló ń ṣán an, tó bá kúrò níbẹ̀ ó padà di ti gbogbo ilé. Báyìí, ẹni tó gbin kajú ló nibẹ̀, ìdí nìyẹn tí àlejò tá a bá yá ní ilẹ̀ lè gbin àgbàdo, ó lè gbin sóyà, ṣùgbọ́n kó gbin igi? Rárá o.

Ìbéèrè wá dé. Arákùnrin kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ ká gé kajú ni?" Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kẹ́ ẹ fi apá kan sílẹ̀ láìgbin igi sí, kí ẹbí fẹnu kò lé e lórí nígbà tí àwọn àgbà ṣì wà láyé láti tọ́ka sí ààlà, àti pé igi tó ti gbó, tí kò so mọ́, kí wọ́n hú u kí ilẹ̀ ibẹ̀ sinmi, kí wọ́n má kàn fi òmíràn rọ́pò ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ìyá kan dìde, wọ́n ní bàbá àwọn ló gbin kajú, àwọn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbin ín, àwọn gan-an ń pọnmi sí i, báyìí àwọn àbúrò wọn ọkùnrin nìkan ló ń ṣa á tà. Mo ní òfin ẹbí ọdún 2004 ò yọ ọmọ obìnrin kúrò nínú ogún, àti pé òfin ilẹ̀ ọdún 2013 ti fàyè sílẹ̀ fún ìwé ẹ̀rí lórí ilẹ̀ àjogúnbá, mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó débẹ̀, kí gbogbo ilé ti mọ orúkọ àwọn tí wọ́n máa kọ sí i. Ìyá ní ó dáa, pé méjì nínú àwọn àbúrò yẹn ló jókòó sínú yàrá yìí. Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀kan ti ń wo ilẹ̀kùn. Alága ní ká lọ jẹun ná, ká tó parí ọ̀rọ̀ yẹn.