Okùn Ìlẹ̀kẹ̀ Tó Ń Ká Ara Rẹ̀ Nínú Omi: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Èérún Nánò Oní-pólímà

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín. Ìgò kékeré kan ni mo fẹ́ kí a jọ tẹjú mọ́ lónìí. Omi wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú mọ́nómà (ohun kékeré tí a ń so pọ̀ di okùn gígùn) tí à ń pè ní HPMA, àti pólímà (okùn tí a ti so bẹ́ẹ̀) kúkúrú kan, PGMA, tó fẹ́ràn omi. A ti fẹ́ náítírójìn gba inú rẹ̀ kọjá kí ọ́síjìn lè jáde, nítorí pé ọ́síjìn a máa dá iṣẹ́ yìí dúró, a sì ti gbé e sínú omi gbígbóná tó wà ní 70°C. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun inú ìgò náà mọ́ kedere. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú bí omi tí a kán wàrà sí.

Ẹni tó ń ṣe pólímà dà bí ẹni tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀: mọ́nómà kọ̀ọ̀kan ni ìlẹ̀kẹ̀ kan. Ọgbọ́n tí à ń pè ní RAFT, èyí tí àwọn onímọ̀ CSIRO, àjọ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ní Ọsirélíà, gbé jáde ní 1998, kì í jẹ́ kí a sọ kókó sí ìdí okùn, nítorí náà, nígbà tí PGMA bá parí, a ṣì lè máa sín HPMA tẹ̀lé e lórí okùn kan náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn rèé: HPMA fúnra rẹ̀ ń yòrò nínú omi, àmọ́ nígbà tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ bá ti so pọ̀, omi kò gbà á mọ́. Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ HPMA bá tó nǹkan bí 90 lórí okùn, àwọn okùn náà a kóra jọ, wọ́n a fi apá tó kórìíra omi pamọ́ sínú, wọ́n a sì fi PGMA ṣe aṣọ ìta. Ìṣù tíntìntín yìí, tí ojú lásán kò lè rí, ni èérún nánò. Mọ́nómà tó ṣẹ́kù a rọ́ wọ inú ìṣù náà. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ fi ń yára sí i ní ìlọ́po márùn-ún lójijì, tí gbogbo rẹ̀ fi ń parí láàárín wákàtí méjì.

Ẹgbẹ́ Steven Armes ní Yunifásítì Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn ní 2011 pé kò tán síbẹ̀. Bí ìrù HPMA, ìyẹn apá okùn tó kórìíra omi, bá ṣì kúrú, aṣọ ìta gba àyè púpọ̀, ìṣù náà sì gbọ́dọ̀ rí róbótó bí ọta. Bí ìrù ṣe ń gùn tó sì ń sanra, ojú ibi tí apá méjèèjì ti pàdé ń tẹ́jú sí i, àwọn ọta a lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n a di ekòló. Lẹ́yìn ekòló ni ohun kan tó dà bí agboòrùn tí okùn rọ̀ mọ́ etí rẹ̀ yọ jáde, tí etí náà fi padé tó sì di àpò. Lójú tèmi, agboòrùn yìí ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ, torí òun ló jẹ́ kí a rí ọ̀nà tí ekòló gbà di àpò.

Tẹ́lẹ̀, a ní láti kọ́kọ́ ṣe pólímà tán, kí a yọ́ ọ nínú ohun olómi mìíràn, kí a tó rọra máa kán omi sí i, èérún tí a sì ń rí kì í sábà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ìgò tiwa yìí, ìdá 10 tàbí 25 nínú ọgọ́rùn-ún kò ṣòro.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ekòló. Bí wọ́n bá pọ̀ tó, wọ́n a fara kan ara wọn, omi inú ìgò a sì dì, débi pé bí a bá dojú ìgò dé, kò ní dà. Ẹ̀kọ la mọ̀ tó ń dì bí ó bá tutù. Èyí, nígbà tí a bá gbé e sínú fíríìjì, ni ó ń yọ́. Òtútù a mú kí HPMA tó wà nítòsí aṣọ ìta gba omi díẹ̀, ekòló a já sí ọta, ohun tó yọ́ náà a sì gba inú asẹ́ tó ń dí bakitéríà lọ́nà kọjá. Bí ó bá tún móoru, ekòló a padà.

Ní 2016, wọ́n ròyìn pé sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ènìyàn tí a rì sínú irú ohun dídì yìí, PGMA55-PHPMA135 (ìlẹ̀kẹ̀ 55 ní apá PGMA, 135 ní apá HPMA), sinmi fún ó kéré tán ọjọ́ 14 láìpín, láìkú, láìpàdánù agbára wọn láti di sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Bí àkókò bá tó láti kó wọn jáde, òtútù díẹ̀ ti tó: ohun tó dì a yọ́, sẹ́ẹ̀lì a sì bọ́ sílẹ̀ nínú omi.