Ta Ni Kò Sí Ní Pápá? Kíka Àwọn Tó Ń Ṣeré àti Àwọn Tí Kì Í Ṣeré ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin kóòṣì, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi pápá sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ òní nítorí tèmi, ẹ kú ìjókòó o. Ìbéèrè kan tó rọrùn ni n ó fi ṣíde: ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ta ló ni pápá ní ìlú yìí?

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọkùnrin ni. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Apákẹ, bẹ́ẹ̀ ló rí ní Màsífà, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Under-G lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH. Ilẹ̀ tó bá ti tẹ́jú díẹ̀, òkúta méjì níhìn-ín, òkúta méjì lọ́hùn-ún, mọ́ńkí pósítì ti dé nìyẹn. Sẹ́ẹ̀tì méjì ń gbá, sẹ́ẹ̀tì mìíràn ń dúró, èyí tí wọ́n bá fi góòlù méjì nà á bọ́ síta.

Gbogbo wa la mọ èyí. Ṣùgbọ́n bí alága ìjọba ìbílẹ̀ bá ránṣẹ́ pè wá lọ́la pé owó díẹ̀ wà fún eré ìdárayá, tó wá béèrè pé ọmọ mélòó ló ń lo pápá yín lọ́sẹ̀, mélòó nínú wọn ló jẹ́ obìnrin, aago mélòó ni pápá máa ń ṣófo, àwọn wo ló ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ láì wọ ibẹ̀ rí, ta ni nínú wa tó lè fa ìwé yọ? Nítorí pé ìwé kò sí, ohun tí ojú ń rí ni owó náà máa ń bá lọ: jẹ́sì tuntun, bọ́ọ̀lù mélòó kan, ife-ẹ̀yẹ tí wọ́n fi orúkọ olóṣèlú pè. N kò bá ife-ẹ̀yẹ jà, mo ti jẹ ìrẹsì ibẹ̀ rí. Àmọ́ àwọn tó ti ń ṣeré tẹ́lẹ̀ náà la tún ń fún, a kò sì tíì mọ ẹni tí kò wá.

Ẹlòmíràn á ní ṣebí ìjọba ti ka èèyàn. Wọ́n kà á, lọ́dún 2006. Ìkànìyàn ọdún yẹn sọ pé èèyàn 198,720 ló wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, 100,815 sì wà ní Gúúsù. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 2006 ti di olùdìbò. Bí wọ́n tilẹ̀ ka tuntun lọ́la, ẹni tó sun inú ilé ni ìkànìyàn máa ń sọ fún wa. Kò ní sọ ẹni tó sáré, ẹni tó rìn, ẹni tó jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fún wa ní òdiwọ̀n ní tirẹ̀. Ó kéré tán, kí àgbàlagbà máa ṣe ohun tó ń mú èémí yára díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Ọmọ ọdún 5 sí 17, ìṣẹ́jú 60 lóòjọ́. Ní 2022, wọ́n ṣírò pé àgbàlagbà 31 nínú 100 lágbàáyé ni kò dé ìwọ̀n yẹn. Ti àwọn ọ̀dọ́ tún burú jù bẹ́ẹ̀: ó lé ní 80 nínú 100. Ó dáa ká mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi iye gbogbo ayé yan ibi tí yóò gbin igi ibòòji sí ní Kínńírá.

Ẹ jẹ́ ká yà sí Vienna, olú-ìlú Austria. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n ṣàkíyèsí àwọn ọgbà ìtura ìlú náà, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọbìnrin máa ń wá títí wọ́n fi ń tó bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á dín kù gan-an. Àwọn ọmọkùnrin ò dín kù. Ilẹ̀ gbalasa kan ṣoṣo ló wà láàárín, ẹni tó bá lè ti ẹnì kejì ló ń gbà á. Lọ́dún 1999 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tún méjì nínú ọgbà náà ṣe ní agbègbè Margareten: wọ́n pín ilẹ̀ gbalasa sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n la ọ̀nà ẹsẹ̀, wọ́n fi ojú pápá fọlibọ́ọ̀lù àti badminton sí i. Àwọn ọmọbìnrin padà wá, wọn ò sì lé ọmọkùnrin kankan kúrò. Ẹni tó wò ló rí i. Ẹni tí kò bá wò ì bá ti pariwo pé àwọn ọmọbìnrin Vienna kò fẹ́ràn eré.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti orílẹ̀-èdè Iceland. Ní 1998, ọmọ 42 nínú 100 lára àwọn tó wà ní ọdún 15 sí 16 níbẹ̀ ló sọ pé àwọn ti mutí yó láàárín oṣù tó kọjá. Nígbà tó fi di 2016, 5 péré ló kù. Àwọn tó ń fa sìgá lójoojúmọ́ já láti 23 wá sí 3. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọ́n pa pọ̀: wọ́n mú òfin ọtí àti sìgá le, wọ́n kó òbí jọ ní ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí ọmọdé má ṣe wà nígboro lóru. Wọ́n sì ná owó sí eré ìdárayá, orin àti ijó. Ní Reykjavík, olú-ìlú wọn, ìdílé ń gba káàdì tí wọ́n fi ń sanwó ẹgbẹ́ eré fún ọmọ wọn. Àwọn ọmọ tó ń bá ẹgbẹ́ ṣeré ìdárayá nígbà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ kúrò ní 24 nínú 100 ní 1997, wọ́n di 42 ní 2012.

Bí wọ́n ṣe ń kà á ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Inú kíláàsì ni wọ́n ti ń bi àwọn ọmọ fúnra wọn, láì kọ orúkọ. Kí oṣù mélòó kan tó kọjá, èsì ti padà sí ìlú kọ̀ọ̀kan àti ilé ìwé kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ tó wà ní ìlú kékeré ibẹ̀ kò ka ìròyìn nípa "àwọn ọ̀dọ́ òde òní". Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó jókòó níwájú rẹ̀ ló ń kà. Mo gbọ́ ẹni tó sọ lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn pé ìlú olówó ni. Òótọ́ ni, káàdì yẹn gba owó. Bírò àti ìwé ìbéèrè ò gba tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì rò pé wọ́n pọ̀ jù wá lọ: lọ́dún 2006 tí wọ́n ka tiwa, Iceland lódindi jẹ́ bí 300,000 èèyàn. Ẹ ro Àríwá àti Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ lọ́dún yẹn, 299,535 ni.

Báwo la ó ṣe ka tiwa? Ní 2006, Thomas McKenzie, Deborah Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà tẹ ọ̀nà kan jáde tí wọ́n ń pè ní SOPARC. Ẹ ó pín pápá sí abala, ẹ ó dúró lójú kan, ẹ ó wo abala kọ̀ọ̀kan láti òsì dé ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ó sì máa fa ìlà sínú ìwé. Ọkùnrin ni àbí obìnrin? Ọmọdé, ọ̀dọ́, àgbà, àbí arúgbó? Ṣé ó jókòó, ṣé ó ń rìn, ṣé ó ń sáré débi tó ń làágùn? Ó tán. Nígbà mẹ́rin lóòjọ́, lọ́jọ́ tó yàtọ̀ síra wọn, kí ọjọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ Ìsinmi wà nínú rẹ̀. Kò béèrè ọjọ́ orí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, mo sì dúpẹ́, torí ẹ̀yin kóòṣì mọ̀ pé ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù ni agbábọ́ọ̀lù máa sọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó ti ní ìyàwó sílé wà láàárín wa níbí.

Kò béèrè orúkọ pẹ̀lú, ìyẹn sì ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ tiwa. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ wọ agboolé kan ní Ìjẹ̀rú, ẹ bi ìyá pé ọmọ mélòó lẹ bí. "Ọlọ́run ló mọye" lẹ ó gbọ́, wọn ó sì bi yín ẹni tó rán yín wá. Àwọn kan ń pe ìyẹn ní àìlajú. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìlú tí ọ̀rọ̀ owó orí ti dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní 1969 mọ̀ pé ẹni tó wá ka orí lónìí lè wá gba owó orí lọ́la. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 náà dúró sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ìyá wọ̀nyí: kí a tó gba ọ̀rọ̀ nípa ọmọdé sílẹ̀, òbí tàbí alágbàtọ́ gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda. Torí náà, kò sí orúkọ, kò sí nọ́ńbà fóònù, kò sí fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ lórí WhatsApp. Ìlà nìkan.

Pápá kọ́ ló ni gbogbo ọ̀rọ̀ ṣá. Ìwé ìbéèrè tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò, GPAQ, máa ń béèrè iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe, bó ṣe ń rìn lọ síbi tó ń lọ, ohun tó fi ń najú, àti wákàtí tó fi ń jókòó. Ẹ fi wo ìlú yìí. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè ní Oríire àti ìyá tó ń ru ẹrù ní ọjà Wàsò ti kọjá ìṣẹ́jú 150 kí ọjọ́ Wẹ́sìdeé tó pé. Ẹni tó bá lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n wá jọ́ọ̀gì ní pápá ìṣeré Ṣọ̀ún, èébú ló bù wọ́n. Ìsinmi ni wọ́n nílò. Àmọ́ télọ̀ tó wà nídìí máṣíìnì, ẹni tó ń ṣe POS lábẹ́ agboòrùn, olùkọ́ bíi tèmi tó ń sàmì sí ìwé, àti ọlọ́kadà! Ẹ rò ó wò, ọlọ́kadà yíká gbogbo ìlú láti àárọ̀ dé alẹ́ lórí ìdí. Ẹni kan ò tíì ṣètò eré fún un rí.

Àwọn ọmọbìnrin wa ńkọ́? Bí ìwé yín bá fi hàn pé ẹyọ kan ò sí ní pápá ní aago márùn-ún, ẹ má ì tíì sọ ìdí. Aago yẹn ni omi pípọn, iná dídá, ìsọ̀ ìyá tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró tì. Ẹ tún wo ẹ̀yìnkùlé àti ọgbà ilé ìwé nígbà ìsinmi ráńpẹ́: ten-ten ń lọ, súwè ń lọ, wọ́n ń fo okùn. Ẹ ṣe ten-ten fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá wò kí ẹ tó sọ pé kì í ṣe eré ìdárayá. Ẹ fún un ní òpó tirẹ̀ nínú ìwé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bi wọ́n léèrè aago tó bá wọn mu, àti bóyá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nítòsí pápá. Èmi fura pé ìbéèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yìí yóò sọ ju gbogbo ìyókù lọ.

Ọ̀rọ̀ àkókò, n ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá kà nígbà tí LAUTECH wà ní ìsinmi, tàbí nínú oṣù ààwẹ̀, tàbí nígbà òjò nìkan, tó wá ń fi í sọ̀rọ̀ ọdún, irọ́ ló ń pa. Ẹ tún un kà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ibi tí ìwé yìí ti lágbára jù lójú tèmi ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ẹ rí bí pápá ṣe ń di ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé búlọ́ọ̀kù wá, igbe làwọn ọmọ máa ń ké, ẹni tó fẹ́ kọ́lé á sì sọ pé ilẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń lò ó ni. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin, fi títọ́jú ọgbà àti ilẹ̀ gbangba sínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó bá mú àkọsílẹ̀ ọdún kan lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Arówómọlẹ̀ tàbí Kínńírá, tó fi hàn iye ẹsẹ̀ tó ń wọ ilẹ̀ náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ní ohun tó lè gbé síwájú wọn. Kí ẹ sì tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ìjọba, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri tó kọjú sí pápá, ẹ fi han ìmáàmù, pásítọ̀ àti baálẹ̀, kí àwọn tí ẹ kà rí ara wọn níbẹ̀.

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn nínú gbọ̀ngàn wá láti ẹnu kóòṣì kan: ta ni kó máa di ìwé náà mú? Mo ní, kóòṣì mi, ẹ má bínú, kì í ṣe ẹ̀yin. Ọkàn yín wà lára àwọn ọmọ yín, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á di ogún lójú yín. Ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ SS2 méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, tí wọn kò sí nínú sẹ́ẹ̀tì kankan. Kí wọ́n dúró sí igun pápá kan náà, kí oníkálukú ka tirẹ̀ láì wo ìwé ẹnì kejì, kí wọ́n wá fi méjèèjì wéra. Bí iye wọn bá jìnnà síra, kí wọ́n tún un kà.