Kí Olùkọ́ Tó Lanu: Iṣẹ́ Tí Eré Ń Ṣe Nínú Kíláàsì Àwọn Ọmọdé

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ pa iṣẹ́ tì kí ẹ lè bá wa pé jọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rin kan jókòó sílẹ̀ nídìí bulọ́ọ̀kù onígi. Ó gbé méjì nàró, ó fi àlàfo sáàárín wọn, ó sì fẹ́ gbé ẹ̀kẹta lé wọn lórí kó lè di afárá. Ẹ̀kẹta yìí kò gùn tó, ó já bọ́. Ọmọ náà tún gbé e, ó tún já bọ́. Ó tẹjú mọ́ ọn, kò sunkún, kò pe ẹnikẹ́ni. Ó wá ti òpó kan sún mọ́ èkejì, ó gbé igi rẹ̀ lé e, ó dúró. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, ọmọ yìí ti wọn gígùn, ó ti fi nǹkan wé nǹkan, ó ti rò ó, ó ti dán an wò, ó ti tún un rò. Ká ní olùkọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó sọ pé "Sún wọn mọ́ra" nígbà tí igi kọ́kọ́ já bọ́, afárá ì bá dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni ì bá ti ṣe gbogbo ìrònú náà.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò ju èyí lọ: nínú eré tó ń kọ́ ọmọ ní nǹkan, kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ olùkọ́ ti pọ̀ jù. Ìgbà yẹn ló ń ronú ohun tó fẹ́ kí ọmọ bá pàdé, tó ń yan ohun èlò, tó ń tò ó. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ di wíwò, gbígbọ́, àti ìbéèrè ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo bulọ́ọ̀kù yẹn fúnra rẹ̀. Olùkọ́ ará Amẹ́ríkà kan, Caroline Pratt, tó dá ilé-ìwé kékeré kan sílẹ̀ ní New York ní ọdún 1914, ló ṣe irú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń lò títí di òní. Kò kàn gé igi bó ṣe rí. Ìbú bulọ́ọ̀kù kan jẹ́ ìlọ́po méjì nínípọn rẹ̀, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀. Ìwọ̀n yìí náà ló fi gé àwọn tó kéré jù ú lọ àtàwọn tó gùn jù ú lọ. Nítorí náà, ọmọ tí bulọ́ọ̀kù gígùn tán lọ́wọ́ rẹ̀ yóò rí i pé kúkúrú méjì tí a tò tẹ̀lé ara wọn dọ́gba pẹ̀lú gígùn kan. Ó ti fọwọ́ kan ìdajì àti ìlọ́po méjì kí ẹnikẹ́ni tó kọ wọ́n sójú pátákó fún un. Ẹni tó gé igi yẹn ti fi ẹ̀kọ́ pamọ́ sínú rẹ̀. Ohun tí mò ń pè ní ìpalẹ̀mọ́ olùkọ́ nìyẹn.

Àwọn kan á ní ohun tí mò ń sọ ni pé kí olùkọ́ da nǹkan ìṣeré sílẹ̀, kó sì lọ jókòó máa máàkì ìwé. Rárá o. Kelly Fisher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2013. Wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún ní ohun tó ń sọ nǹkan di onígun mẹ́ta tàbí onígun mẹ́rin. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan jókòó, olùkọ́ ń ṣàlàyé, wọ́n ń wò ó. Àwọn kan fi àwòrán àti igi ṣeré bó ṣe wù wọ́n. Àwọn ìyókù di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: olùkọ́ ní àṣírí kan wà lára àwọn àwòrán yìí, kí wọ́n bá òun wá a, ó sì ń bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń wá a. Nígbà tó yá, wọ́n gbé onígun mẹ́ta gbọọrọ tó dà bí abẹ́rẹ́ síwájú àwọn ọmọ, pẹ̀lú èyí tó dojú dé. Àwọn tó wá àṣírí ló dá wọn mọ̀ jù. Àwọn tí wọ́n ṣàlàyé fún rọ̀ mọ́ èyí tó rí bí ti inú ìwé. Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ pátápátá kò rí nǹkan púpọ̀ mú níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yìí ló ṣì wà níwájú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi apá tó kẹ́yìn nínú ìwádìí yìí sọ́kàn, nítorí òun la sábà máa ń gbàgbé. Eré tí kò ní ìpalẹ̀mọ́ lè dùn, ó lè ṣe ara ọmọ ní àǹfààní, ó sì lè kọ́ ọ bí a ṣe ń bá ẹgbẹ́ gbé. Kí ọmọ máa ṣeré bó ṣe wù ú pọndandan lójoojúmọ́, n kò ní bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà lórí ìyẹn. Àmọ́ bó bá jẹ́ onígun mẹ́ta la fẹ́ kó mọ̀, a gbọ́dọ̀ to ọ̀nà tí yóò fi bá a pàdé.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìṣirò, nítorí ibẹ̀ ni eré kékeré ti ń so èso ńlá. Robert Siegler àti Geetha Ramani mú pátákó eré kan tó rọrùn gan-an wá fún àwọn ọmọ tí kò tíì wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ tí owó kò pọ̀ nílé wọn. Àpótí mẹ́wàá wà lórí ìlà kan gbọọrọ, wọ́n kọ 1 dé 10 sínú wọn. Ọmọ á yí ọfà, á rí 1 tàbí 2, á sún àmì rẹ̀ síwájú, á sì máa dárúkọ nọ́ńbà tó ń gbà kọjá. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìṣẹ́jú bíi 15 sí 20 lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ yìí di ẹni tó mọ nọ́ńbà tó pọ̀ jù nínú méjì, tó sì mọ ibi tí nọ́ńbà kan yẹ kó wà lórí ìlà. Wọ́n ṣì mọ̀ ọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà. Àwọn tó ṣe irú eré yẹn gan-an lórí pátákó tó jẹ́ àwọ̀ ló wà nínú rẹ̀ dípò nọ́ńbà kò ní irú ìlọsíwájú bẹ́ẹ̀.

Kí ló fà á? Bí àmì ọmọ bá ṣe ń rìn síwájú, nọ́ńbà ń pọ̀ sí i, ẹnu rẹ̀ ń pè é, ọwọ́ rẹ̀ ń sún un, ojú rẹ̀ ń rí i pé ọ̀nà tí òun ti rìn ń gùn sí i. Ara rẹ̀ mọ̀ pé 8 jìnnà sí ìbẹ̀rẹ̀ ju 3 lọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí yìí fi pátákó roboto dán an wò, kò ṣiṣẹ́ dáadáa bí ti ìlà gbọọrọ. Bí ẹ bá fẹ́ gé páálí ṣe tiyín, ẹ fà á ní ìlà.

Àṣìṣe kan wà tí mo máa ń rí nínú kíláàsì tí mo bá lọ wò. Ọmọ wà lórí 5, ó yí ọfà, ó rí 2, ó sì ń sún àmì rẹ̀ lọ, ó ń ka "ení, èjì". Olùkọ́ mi orí sí i pé ó dára. Ọmọ yẹn ti rìn lóòótọ́, àmọ́ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò wọlé sí i lọ́kàn. "Ẹ̀fà, èje" ló yẹ kó máa kà. Nǹkan kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀kọ́ eré náà wà. Ibí yìí ni mo ti fara mọ́ ọn pé kí olùkọ́ lanu: kó jókòó sórí ilẹ̀, kó ta tirẹ̀, kó kà á sókè bó ṣe yẹ, kí ọmọ gbọ́.

Ìgbà wo ni kó wá panu mọ́? Elizabeth Bonawitz àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe nǹkan ìṣeré kan tó ní àṣírí mẹ́rin nínú. Apá kan ń ké bí o bá fà á, iná wà níbì kan, orin wà níbì kan, dígí wà nínú ihò kan. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi apá tó ń ké yìí han àwọn ọmọ kan, wọ́n ní bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Lójú àwọn mìíràn, ẹni tó mú un wá ṣe bí ẹni pé ó ṣèèṣì fà á ni. Àwọn tí wọ́n kọ́ fà á léraléra, wọ́n sì tètè fi í sílẹ̀. Àwọn tí kò sẹ́ni tó kọ́ tú u wò, wọ́n sì rí púpọ̀ nínú àṣírí yòókù. Ó jọ pé ọmọ ń ro ó báyìí: bí ohun mìíràn bá wà níbẹ̀ ni, ẹni tó mọ̀ ọ́n ì bá ti sọ fún mi. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ọmọ ní nínú wa ló ń pa ojú rẹ̀ dé. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára púpọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, nítorí mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní fífi ohun gbogbo han ọmọ kí ó tó fọwọ́ kàn án.

Eré àfarawé náà ń kọ́? Èyí tí ọmọ ti ń di dókítà, tí àga di ọkọ̀, tí ọ̀pá di ẹṣin. Lev Vygotsky, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, sọ ọ́ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní 1933 pé nínú eré, ó dà bí ẹni pé ọmọ fi orí kan ga ju ara rẹ̀ lọ. Ọmọ tí kò lè dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan nígbà tí olùkọ́ ní kó dúró yóò dúró pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ bó bá jẹ́ ọlọ́dẹ ẹnubodè nínú eré, nítorí ọlọ́dẹ kì í kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀pá àti ẹṣin tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó gbà pé ọ̀pá lè dúró fún ẹṣin ti wà lójú ọ̀nà àtigbà pé àmì kan lórí bébà lè dúró fún ìró. Ẹ fi bébà àti pẹ́ńsù sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe dókítà, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀. Dókítà á kọ egbòogi. Ó lè jẹ́ ìlà wúrúwúrú ló máa kọ́kọ́ jẹ́, ṣùgbọ́n tó bá yá, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀ á yọjú síbẹ̀.

Ìró fúnra rẹ̀ tún jẹ́ nǹkan ìṣeré, kì í sì í ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Èdè wa fún wa ní èyí tí ọ̀pọ̀ èdè kò ní. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dìde: ọwọ́ ní orúnkún fún dò, ọwọ́ ní àyà fún re, ọwọ́ lókè orí fún mí. Kí ẹnì kan pe ọkọ, kí gbogbo wọn fi ọwọ́ wọn sọ ọ́. Kó pe ọkọ́. Kó pe ọkọ̀. Kó pe ọ̀kọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i padà: kí ọmọ kan fi ọwọ́ nìkan sọ̀rọ̀ láìlanu, kí àwọn yòókù wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Wọ́n á rí i pé ọ̀rọ̀ tó lè wọ inú àpẹẹrẹ kan pọ̀, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Ọmọ tó ti fi ara rẹ̀ mọ ohùn báyìí kì í bẹ̀rù àmì ohùn nígbà tí wọ́n bá fi hàn án lórí bébà.

Nígbà tí ọmọ bá wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, eré á kàn pòórá. A ó to àga ní ìlà, a ó kó bulọ́ọ̀kù lọ sí ilé ẹrù. Èyí dùn mí, nítorí ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ lè ṣe eré tó ní òfin. Ẹ mú nọ́ńbà kan lọ́kàn láti 1 sí 100, kí kíláàsì máa béèrè ìbéèrè tí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ á fi dá a lóhùn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, "Ṣé 34 ni?" "Ṣé 71 ni?" ni ẹ ó máa gbọ́. Ní ọjọ́ kan, ọmọ kan á sọ pé, "Ṣé ó ju 50 lọ?" Ẹ má yìn ín, ẹ má ṣàlàyé fún àwọn yòókù. Ẹ kàn máa kọ iye ìbéèrè sójú pátákó. Láìpẹ́, gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í gé e sí méjì, wọn á sì rí i pé kò ní ju ìbéèrè méje lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó bá béèrè ìdí tó fi jẹ́ méje ti kan ilẹ̀kùn ìṣirò ńlá.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí à ń pè ní eré ni eré. Ìdíje ta ló kọ́kọ́ nawọ́, tí ẹ̀bùn wà nídìí rẹ̀, ìdánwò ni. Àwọn ọmọ mẹ́ta kan náà ló máa ń gbà á, àwọn yòókù sì ń kọ́ bí a ṣe ń fara pamọ́. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan jẹ́ eré, mo máa ń wò ó bóyá ọmọ lè yí nǹkan padà nínú rẹ̀, àti bóyá àṣìṣe kò ní gbà ju kó tún un ṣe lọ.

Ẹ ó ní kíláàsì yín pọ̀. Ẹ pín wọn sí mẹ́rin, kí ẹgbẹ́ mẹ́ta máa ṣe eré tí wọ́n ti mọ̀, kí ẹ jókòó ti ìkẹrin. Ẹ ó ní kò sí ohun èlò. Páálí, ìdérí ìgò, okùn àti omi á ṣe é. Kí ẹ sá ti rí i pé ohun tó lè há ọmọ lọ́fun kò sí nítòsí àwọn kékeré.

Èyí tó nira jù ni ìbéèrè òbí: kí ni ọmọ mi kọ lónìí, ìwé rẹ̀ ṣófo. Ìbéèrè gidi ni, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ìfura sí eré náà ti pẹ́ láyé. Friedrich Froebel, ará Jámánì tó sọ ilé-ìwé rẹ̀ ní ọgbà àwọn ọmọdé ní 1840, kò tíì kú nígbà tí ìjọba Prussia, tó wà nílẹ̀ Jámánì nígbà yẹn, fi òfin de irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ní 1851. Nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ni òfin náà fi wà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo gba olùkọ́ nímọ̀ràn ni pé kó ní ìwé kékeré kan lápò, kó máa kọ ohun tó rí àti ohun tó gbọ́, pẹ̀lú ọjọ́, láìfi àsọdùn kún un. Òun ni kó ṣí fún òbí. Bí ti ọmọ aláfárá yẹn ṣe wà nínú ìwé olùkọ́ rẹ̀ nìyí:

Ọjọ́ Ajé. Igi kò dé òpó kejì, ó bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó sún òpó mọ́ra. Kò sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀. Ọmọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń to afárá tirẹ̀. Ó wò ó, ó ní: "Ibẹ̀ jìn jù, igi yẹn ò ní í dé ọ̀hún. Lọ mú èyí tó gùn tó méjì rẹ̀ wá."