Òfin, Àdéhùn àti Àṣà: Ohun Tí Ẹ̀tọ́ Òṣìṣẹ́ Yunifásítì Ìjọba Dúró Lé

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti fẹ̀yìn tì tí ẹ sì tún wá jókòó tì wá, mo kí yín. Àkòrí tí wọ́n fún mi ni ipò iṣẹ́ àti àjẹmọ́nú òṣìṣẹ́ ní yunifásítì ìjọba. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ń retí kí n ka gbogbo gbèsè tí ìjọba jẹ wá, kí a jọ kùn sí i, kí a sì túká. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni ìdí tó fi jẹ́ pé àwọn ẹ̀tọ́ wa kan kì í mì, ìjọba yòówù kó wà lórí àlééfà, tí a sì ń yanṣẹ́ lódì nítorí àwọn mìíràn láti ìgbà dé ìgbà. Lójú tèmi, ohun tí ẹ̀tọ́ kọ̀ọ̀kan dúró lé ló fa ìyàtọ̀ yìí. Àwọn kan dúró lé òfin, àwọn kan dúró lé àdéhùn tí ẹgbẹ́ àti ìjọba jọ fọwọ́ sí, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé àṣà tí a bá nílẹ̀ nìkan ló gbé wọn ró.

Èyí tó lágbára jù nínú wọn ni ààbò tó wà lórí iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aládàáni lè gba ìwé lónìí pé kó máa lọ, kí wọ́n sì san owó oṣù kan fún un dípò ìfitónilétí. Bó bá gba kóòtù lọ, owó yẹn náà ni yóò sábà rí gbà. Ti òṣìṣẹ́ yunifásítì tí wọ́n ti fìdí ìgbàsíṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin tó dá yunifásítì sílẹ̀ ló la ọ̀nà tí wọ́n lè gbà yọ ọ́ nítorí ìwà àìtọ́: wọn yóò kọ ẹ̀sùn náà fún un, wọn yóò jẹ́ kó wí tẹnu rẹ̀, ìgbìmọ̀ yóò wádìí ọ̀rọ̀ náà, kí Ìgbìmọ̀ Alákòóso tó dájọ́. Ẹjọ́ tí àwọn agbẹjọ́rò máa ń tọ́ka sí lórí èyí ni ti Ọláníyan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú Yunifásítì Èkó. Àwọn aláṣẹ gbà pé ìfitónilétí tó wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ ti tó láti fi dá wọn dúró. Ní ọdún 1985, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé kò tó, nítorí pé òfin ilẹ̀ ga ju ìwé ìgbanisíṣẹ́ lọ, ó sì ní kí wọ́n dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ má ṣe rò pé ìdáàbòbò yìí yá bí mo ti ń sọ ọ́ yìí o. Ní ọdún 2001, Yunifásítì Ìlọrin lé olùkọ́ 49 lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì. Wọ́n gba kóòtù kan bọ́ sí òmíràn, ó sì di ọdún 2009 kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ tó dá wọn láre. Ọdún mẹ́jọ ni ọmọ fi ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tí onílé sì fi ń béèrè owó rẹ̀. Síbẹ̀, bí kì í bá ṣe pé òfin ni wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé, kò sí ohun tí wọn ì bá dúró dè fún ọdún mẹ́jọ.

Ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì náà dúró lé òfin. Lábẹ́ àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin yunifásítì ní ọdún 2012, ọ̀jọ̀gbọ́n yóò fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọdún 70, àwọn olùkọ́ yòókù àti àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́ yóò sì fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọdún 65. Láti inú àdéhùn ọdún 2009 ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Bí ó ṣe wà nínú àdéhùn nìkan, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ di òfin ni ó tó dúró. Òfin kan náà ló ní kí ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá kún ojú ìwọ̀n fẹ̀yìn tì pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì tó bá owó oṣù rẹ̀ ìkẹyìn dọ́gba. Owó tó wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì ọ̀jọ̀gbọ́n kì í sábà tó láti san irú iye bẹ́ẹ̀, àfi kí ìjọba máa fi owó ìṣúná dí àlàfo rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ti àwa yòókù, òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, kí agbanisíṣẹ́ sì fi 10 kún un. Ẹ máa wo ìwé owó ìfẹ̀yìntì yín lóṣooṣù. Ẹ má kàn wo iye tí wọ́n yọ nínú owó oṣù. Ẹ wò ó bóyá iye náà àti ti agbanisíṣẹ́ jọ dé ibi tó yẹ kí ó dé.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì yẹn kan náà ní ohun kan nínú tí àwọn òṣìṣẹ́ kì í béèrè rárá, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Ó pọn dandan fún agbanisíṣẹ́ láti ra adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, iye rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré sí ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tí òṣìṣẹ́ náà ń gbà lọ́dún. Bí òṣìṣẹ́ bá kú lẹ́nu iṣẹ́, owó yìí yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ní àkókò tí mo fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà, fáìlì tó máa ń fa omijé jù ni ti ẹni tó kú, tó jẹ́ pé orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti ṣaláìsí tipẹ́ ló ṣì wà níbi tí ó ti kọ ẹni tí yóò jogún rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tí ó wọṣẹ́, kó tó fẹ́ ìyàwó, ló kọ ọ́. Opó rẹ̀ á máa sáré kiri kóòtù nítorí ìwé ojú kan péré. Ẹ padà sí ọ́fíìsì yín kí ẹ lọ yẹ tiyín wò.

Bákan náà ni òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa. Agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó rẹ̀, ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san, sọ́wọ́ NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó náà. Kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó òṣìṣẹ́ nítorí rẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ tí kẹ́míkà bá ta sí lójú nínú yàrá àyẹ̀wò, awakọ̀ tí ọkọ̀ yunifásítì bá dànù pẹ̀lú rẹ̀ lójú ọ̀nà, àti àwọn tó ń gun òpó iná ló ni òfin yìí. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ 14 ni kí ẹni tó fara pa fi tó agbanisíṣẹ́ létí, agbanisíṣẹ́ náà sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Ohun tí a sábà ń ṣe ni pé a ó dáwó láàárín ara wa, a ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, a ó sì gbàgbé ìwé. Inú rere ni o, àmọ́ owó tiwa la fi ń ran agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí àdéhùn. ASUU, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1978, bá ìjọba àpapọ̀ ṣe àdéhùn ní 1992, ní 2001 àti ní 2009. SSANU, NASU àti NAAT, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yunifásítì tí kì í ṣe olùkọ́, náà ní tiwọn. Inú àwọn àdéhùn yìí ni àtẹ owó oṣù tiwa ti wá, CONUASS fún olùkọ́ àti CONTISS fún àwọn yòókù. Ibẹ̀ náà ni owó àjẹmọ́nú tí a mọ̀ sí Earned Academic Allowances ti jáde: owó fún ẹni tó ń darí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba oyè gíga, fún olórí ẹ̀ka, fún iṣẹ́ tó léwu, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tí a ti ṣe ni owó yìí wà fún, síbẹ̀ ó máa ń di gbèsè ọlọ́dọọdún tí ìjọba á máa san ní ìdáwọ́-ìdáwọ́.

Kí ló dé tí ó fi rí bẹ́ẹ̀? Lábẹ́ òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àdéhùn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá agbanisíṣẹ́ ṣe kì í de ẹnikẹ́ni, àfi bí ó bá wọ inú ìwé ìgbanisíṣẹ́. Àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin ilẹ̀ wa ní ọdún 2010 fún kóòtù òṣìṣẹ́ lágbára láti túmọ̀ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, kí ó sì rí sí ìlò rẹ̀. Ilẹ̀kùn ńlá ni èyí ṣí, àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ wa kì í sábà gba ibẹ̀ wọlé. Ìyanṣẹ́lódì ló mọ́ wa lára. Ní 2013, lẹ́yìn tí a ti wà nílé láti oṣù Keje títí di oṣù Kejìlá, ìwé ìfẹnukò mìíràn la tún fọwọ́ sí, pé ìjọba yóò fi owó tó lé ní tírílíọ̀nù náírà kan tún àwọn yunifásítì ṣe láàárín ọdún mẹ́fà. Igba bílíọ̀nù àkọ́kọ́ jáde. Èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé e kò wá bó ṣe yẹ. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Ọdún 2022 ló kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ jù. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá la fi yanṣẹ́ lódì, nítorí àdéhùn 2009 tí wọ́n kò tún yẹ̀ wò dé ojú àmì àti àwọn gbèsè tí mo ti dárúkọ. Ohun tí ìjọba fi dá wa lóhùn ni abala 43 nínú òfin ìjà agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, tó sọ pé ẹni tó bá yanṣẹ́ lódì kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó oṣù fún àkókò náà. Wọ́n dá owó oṣù wa dúró. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí i pé kí wọ́n san oṣù mẹ́rin nínú mẹ́jọ. Ẹ kíyè sí i: òfin ni wọ́n gbé pàdé àdéhùn wa, òfin náà ló sì borí. Ìwà náà kò dára lójú mi, nítorí pé ẹni tó kọ́kọ́ yẹ àdéhùn kò yẹ kó máa fi òfin lé ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ IPPIS, ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ fi ń san owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀, náà kò jìnnà sí èyí. Òfin òmìnira yunifásítì ọdún 2003 fi àkóso yunifásítì lé Ìgbìmọ̀ Alákòóso lọ́wọ́, síbẹ̀ ìjọba kó owó oṣù wa lọ sórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní Àbújá. Ẹni tó lọ lo ìsinmi ọdún kan ní yunifásítì mìíràn, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní sàbátíkà, kò rí ibi tí orúkọ rẹ̀ wọ̀, nítorí pé ẹ̀rọ náà kò mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí wọ́n yọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kì í tètè dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ nígbà náà, ẹni tó sì fẹ́ yá owó láti san owó ilé-ìwé ọmọ á máa dúró. Oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ gbà kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga jáde kúrò nínú rẹ̀.

Nípa àṣà, n kò ní sọ púpọ̀. Ilé gbígbé nínú ọgbà yunifásítì, ọkọ̀ òṣìṣẹ́ àti ẹ̀dínwó ní ilé ìwòsàn yunifásítì kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè gbé lọ sí kóòtù ní ìrọ̀rùn. Àmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ fi hàn pé àṣà lè di ẹ̀tọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ yọ ọwọ́ nínú owó oṣù àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, SSANU kò dúró lórí ìyanṣẹ́lódì nìkan. Wọ́n gbé àdéhùn wọn lọ sí kóòtù òṣìṣẹ́, kóòtù náà sì dájọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà wà lára àjẹmọ́nú òṣìṣẹ́. Ọ̀nà yẹn ni mo ń tọ́ka sí lẹ́ẹ̀kan.

Púpọ̀ nínú ohun tí mo ti ń sọ yìí kò kan àwọn kan tí a ń rí lójoojúmọ́: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà àbáwọlé wa àti àwọn tó ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì wa. Alágbàṣe ló gba púpọ̀ nínú wọn síṣẹ́, kì í ṣe yunifásítì, nítorí náà ààbò tí ẹjọ́ Ọláníyan fún wa kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n òfin owó gbà-má-bínú ọdún 2010 kò yọ wọ́n sílẹ̀. Bí ọlọ́dẹ bá fara pa níbi tó ti ń ṣọ́ ọgbà wa, alágbàṣe rẹ̀ ni òfin dì í mọ́, ó sì yẹ kí yunifásítì béèrè ẹ̀rí pé alágbàṣe náà ń san owó NSITF kó tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ìpínlẹ̀ dìde, ó béèrè pé ṣé òun náà yóò fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọdún 65. Mo sọ fún wọn pé òfin ọdún 2012 kò wọ yunifásítì ìpínlẹ̀ tààrà. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ni yóò ṣe òfin tirẹ̀ lórí rẹ̀. Irú yunifásítì bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀ lé ẹni tó ni ín nínú ohun gbogbo: nígbà tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun jọ ni yunifásítì LAUTECH, àríyànjiyàn àwọn méjèèjì lórí owó pa á lára fún ìgbà pípẹ́, títí ó fi di ti Ọ̀yọ́ nìkan ní 2020. Mo ní kí wọ́n kọ ìwé sí akọ̀wé àgbà yunifásítì wọn, kí wọ́n béèrè nǹkan méjì: ẹ̀dà òfin ìpínlẹ̀ lórí ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, àti ẹ̀dà ìwé ìlànà iṣẹ́ tí Ìgbìmọ̀ Alákòóso fọwọ́ sí kẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn kò rí ìwé ìlànà yẹn rí láti ọjọ́ tí àwọn ti wọṣẹ́. Àwọn mẹ́ta mìíràn tó jókòó nítòsí wọn náà ní àwọn kò rí i rí.